Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kun rúùmù dífáídà ìyá mi, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Aláṣọ_Gbági

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín kí n tó lọ ba nǹkan jẹ́. Rúùmù dífáídà kan wà ní pálọ̀ wa ní Ìbàdàn tí ìyá mi rà ní 1984, owó aṣọ tí wọ́n tà ní Gbági ni wọ́n fi rà á, wọ́n ti wá ní kí n máa gbé e lọ sílé mi. Igi líle ni férémù ẹ̀, wọ́n ní ìrókò ni, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ àwọn dúrọ́ọ̀ ẹ̀, pílàíwùùdù ni. Tẹ́lẹ̀ ó máa ń dán yanran, ní báyìí ó ti dúdú, tí ooru bá mú ara ẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, àmì ìdí ife tíì ló kún orí ẹ̀. Mo fẹ́ kùn ún ní funfun. Mi ò kun nǹkan kan rí o, ògiri pàápàá mi ò kùn rí. Mo ti ra ẹ̀mọ́ṣọ̀n gálọ́ọ̀nù kan àti búrọ́ọ̀ṣì kan, ṣé kí n kàn ṣí i kí n máa kùn ún lọ ni àbí nǹkan míì wà tó yẹ kí n ṣe ṣáájú?

Akunlé_Mushin

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ṣí gálọ́ọ̀nù yẹn. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ń ṣe láti 2003, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mo sì ń kùn jù. Ẹ̀mọ́ṣọ̀n, ti ògiri nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kùn ún lé pọ́líìṣì àtijọ́ yẹn lórí, á dáa lójú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì èékánná lásán á máa ká a kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀dà ò ríbi dì mú ni. Ara igi yẹn ń dán, òróró ọwọ́ wà lára ẹ̀, èéfín wà lára ẹ̀, ogójì ọdún ni wọ́n ti ń fi oríṣiríṣi nǹkan nù ún.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ mọ nǹkan tí wọ́n fi pa á lára. Ẹ ra sípírítì ìfọgbẹ́, methylated yẹn, ní kẹ́mísítì, ẹ rẹ òwú díẹ̀ sínú ẹ̀, ẹ wá ibi tójú ò tó lábẹ́ tàbí lẹ́yìn, ẹ gbé òwú yẹn lé e fún bí ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó nù ún. Tó bá yọ́ tó sì ń fà, pọ́líìṣì ṣẹ́lákì tí àwọn káfíńtà àtijọ́ máa ń pò ni. Tí sípírítì ò bá ṣe é ní nǹkan kan, ẹ fi tínà dán an wò, tí tínà bá yọ́ ọ, lákà ni. Tí méjèèjì ò bá rí i gbé ṣe, fánííṣì tàbí gílọ́ọ̀sì olóròóró ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ padà wá sọ fún wa, torí bí èsì ẹ̀ bá ṣe rí la ṣe máa mọ ohun tó kàn.

Káfíńtà_Mọ́níyà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Èmi máa sọ tèmi látọkàn wá, àǹtí ẹ má bínú sí mi. Ìrókò tí wọ́n là ṣáájú 1984, ẹ fẹ́ fi funfun bò ó? Èmi tí mò ń lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo mọ ohun tójú wa ń rí ká tó rí ìrókò gidi tó ti gbẹ dénú báyìí. Ohun tó dúdú yẹn kì í ṣe igi o, ìdọ̀tí àti pọ́líìṣì tó ti gbó ni. Tẹ́ ẹ bá fi sípírítì nù ún kúrò ní ibi kékeré kan, ẹ wo àwọ̀ tó máa yọ síta níbẹ̀, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ kùn ún, ilé yín ni, ẹrù yín ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ara ìrókò ní àwọn ihò tóótòòtó tó gùn lọ bí ìlà, tí ọ̀dà bá ti wọnú wọn kò sẹ́ni tó máa ha á kúrò tán mọ́. Ẹni tó bá kùn ún lónìí ti kùn ún fún ọmọ ọmọ ẹ̀ nìyẹn.

Ìkejì, eruku ìrókò kì í ṣe nǹkan à ń fojú kékeré wò. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà, tó bá ti fi sáńpépà gbo ìrókò láàárọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán á ti máa sín láìdákẹ́, ojú ẹ̀ á pọ́n, ọrùn ẹ̀ á sú yìnkìn. Ẹ lo ìbòmú tó fún mọ́ imú dáadáa, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ìta gbangba sì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Ọmọ_Aláṣọ_Gbági

Ẹ ṣé gan-an ni bọ̀dá Mushin, ẹ ṣé bọ̀dá Mọ́níyà, inú mi ò bí rárá. Mo ti ṣe é. Sípírítì yẹn yọ́ ọ kíá, òwú dúdú bí omi àgbo, ìka mi sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo rí àwọ̀ oyin tí bọ̀dá sọ, ó rẹwà lóòótọ́, mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìdí tí mo ṣe fẹ́ kùn ún. Pálọ̀ mi ò ní fèrèsé tó pọ̀, ògiri ilé kejì ló dí ìmọ́lẹ̀, tí nǹkan ńlá dúdú bá tún wọbẹ̀ a ò ní ríran. Mo bi màmá, wọ́n ní àwọ̀ yẹn ti sú àwọn gan-an láti ọjọ́ tó pẹ́. Mo wá rò ó pé kí n kun ara ẹ̀ àmọ́ kí n fi òkè ẹ̀, ibi pẹrẹsẹ yẹn, sílẹ̀ bí igi ṣe rí. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Káfíńtà_Mọ́níyà

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ọkàn mi sì balẹ̀ báyìí. Fún òkè yẹn ẹ má fi ṣẹ́lákì pa á padà o, torí ohun tó ń fa àmì ife tíì nìyẹn, ṣẹ́lákì ò fẹ́ràn nǹkan gbígbóná, kò sì fẹ́ràn omi. Fánííṣì polyurethane ni kẹ́ ẹ lò, ẹ̀ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Akunlé_Mushin

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ iṣẹ́ gan-an. Ẹ fọkàn sí i torí ó gùn díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tú gbogbo nǹkan tó bá ṣeé tú, ọwọ́ ilẹ̀kùn, hínjì, kọ́kọ́rọ́, ẹ fa gíláàsì jáde. Ẹ fi téèpù lẹ nọ́ńbà mọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan àti hínjì ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, torí hínjì àtijọ́ yẹn, ibi tí ọ̀kan bá ti jáde ibẹ̀ nìkan ló máa wọ̀ padà. Ẹ kó àwọn ìdè sínú ike. Ẹ má fi téèpù bo hínjì kẹ́ ẹ máa kùn ún yí ká, mo mọ̀ pé ó máa wù yín ṣe, ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fọ̀ ọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, ẹ fún àkísà yẹn gbẹ kó tó kan igi, pàápàá lára pílàíwùùdù, torí tí omi bá wọ pílàíwùùdù á wú á sì là. Ẹ wá fi omi lásán nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Àwọn èèyàn máa ń fo ibí yìí, wọ́n á ní sáńpépà ṣáà máa gbo ìdọ̀tí kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o, sáńpépà á kàn máa ti òróró wọnú igi ni.

Ìgbà náà lẹ máa wá fi sípírítì àti kànìnkànìn onírin bó pọ́líìṣì yẹn. Ẹ da sípírítì sí ibi tó tó abọ́ fẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀, ẹ fi kànìnkànìn gbo ó lọ bí ojú igi ṣe lọ, ẹ fi àkísà nù ún kó tó gbẹ, ẹ bọ́ síwájú. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kí sítóòfù tàbí sìgá má sí nítòsí, sípírítì ń gbaná wàrà, tó bá sì ń jó lójúmọmọ ẹ lè má rí ọwọ́ iná ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti bó o tán ó di sáńpépà. Èyí tó ní nọ́ńbà 120 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 180, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa kúnná tó, ó tán. Ẹ wé e mọ́ ègé pákó kékeré kó lè tẹ́, ẹ máa gbo ó lọ bí ojú igi ṣe lọ, ẹ má gbo ó yípoyípo. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ jẹ igi yẹn run, ẹ kàn fẹ́ kó rí hùnràhùnrà díẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ọ̀dà lè ríbi dì mú. Ẹ gbọn eruku, ẹ fi àkísà tútù nù ún.

Ihò àti ibi tó ti ṣá, ẹ fi pọ́ọ̀tì dí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kó yọ sókè díẹ̀ torí ó máa ń rọlẹ̀ tó bá gbẹ, ẹ wá gbo ó tẹ́. Tí pọ́ọ̀tì ò bá sí, lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ ẹ gbo sílẹ̀ yẹn, ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà pò ó.

Puráímà ló kàn, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi pa igi kí ọ̀dà gan-an tó dé orí ẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀ torí mo rí i pé Àǹtí Peckham ń kọ̀wé lọ́wọ́.

Àǹtí_Peckham

Hàáà, bọ̀dá yìí mọ̀ mí. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe puráímà yìí fún gbogbo yín. Mo ra tábìlì ìmúra kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò nílé, ọ̀gànwó ni, pupa dáadáa, mo kun ọ̀dà olómi funfun lé e láìfi nǹkan kan sábẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo jí láàárọ̀, mo rí i tí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú ti yọ jáde lójú oríkèé gbogbo àti láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, bí ìgbà tí tíì bá dà sórí aṣọ ìbora. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tún yọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ má purọ́ fún ara yín, owó ọ̀dà kì í ṣe owó kékeré.

Ohun tó ń yọ yẹn, omi ara igi ni, ìrókò ní in, ọ̀gànwó ní in, omi tó wà nínú ọ̀dà olómi ló ń yọ́ ọ tó sì ń fà á gòkè, kò sí iye ìgbà tẹ́ ẹ máa kùn ún tó máa dáwọ́ dúró. Puráímà tí wọ́n fi ṣẹ́lákì ṣe ló ń dí i, nílùú ọba níbí Zinsser B-I-N ni mo lò, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán síbẹ̀. Òórùn ẹ̀ le, ẹ ṣí fèrèsé.

Akunlé_Mushin

Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ló pé. Ẹni tí kò bá rí irú puráímà yẹn nílé níbí, kó ra ṣẹ́lákì tó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò àwọn káfíńtà, Mushin kún fún un, kó rẹ ẹ́ sínú sípírítì di ọjọ́ kejì, kó sẹ́ ẹ, kó fi pa igi yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kó wá fi undercoat olóròóró lé e. Kó tó kun èyí tó máa hàn síta, kó fi sáńpépà 240 gbo undercoat yẹn fẹ́ẹ́rẹ́.

Àǹtí Gbági, ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ̀rọ̀ funfun yẹn. Gílọ́ọ̀sì olóròóró funfun máa ń pọ́n tó bá pẹ́, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, ẹ sì ti sọ pé pálọ̀ yín ṣókùnkùn. Àwọ̀ kírímù lẹ bá mú, tàbí kẹ́ ẹ lọ ra ọ̀dà sátìn olómi tí wọ́n ṣe fún igi, èyí tí kì í dán jù. Sátìn gan-an ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, torí gílọ́ọ̀sì tó ń dán ń fi gbogbo àléébù han ayé.

Bàbá_Ìbejì_Houston

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti àǹtí yìí pọ́líìṣì ni kì í ṣe ọ̀dà, ewu tí mo fẹ́ sọ yìí ò kàn án púpọ̀. Àmọ́ ẹlòmíì máa ka ọ̀rọ̀ yìí tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ọmọ tàbí àga tí wọ́n ti kun ọ̀dà sí láyé àtijọ́ ló fẹ́ tún kùn. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha ọ̀dà àtijọ́. Òjé máa ń wà nínú ọ̀dà ayé ìgbà yẹn. Ní Amẹ́ríkà níbí láti 1978 ni wọ́n ti fòfin de ọ̀dà olójèé nínú ilé gbígbé, tó túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n kùn ṣáájú ìgbà yẹn, àfi kéèyàn ṣọ́ra fún un. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, eruku ẹ̀ díẹ̀ ló sì máa ń tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ẹ ò ní gbàgbé Zamfara ní 2010, eruku òjé níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló bá a lọ.

Tó bá di dandan pé kẹ́ ẹ gbo ó, sáńpépà dúdú tó ń gba omi ni kẹ́ ẹ lò, ẹ máa rẹ ẹ́ sómi kí eruku má gbéra, kí ọmọdé àti aláboyún má sí nítòsí, ẹ fọ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́tọ̀. Èmi ní ìbejì nílé, bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan tí wọ́n fún wa, mi ò kùn ún rárá, mo dá a padà.

Ìyá_Àdùnní

Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe é? Ẹ má ṣe é nínú ọyẹ́ o. Mo kun àga mẹ́rin ní oṣù Kínní, gílọ́ọ̀sì, mo gbé e síta kó gbẹ, tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ara àga rí bí ẹni wọ́n gààrí sí i lára. Ẹ sì tún ṣọ́ra fún àsìkò òjò fún àwọn tó ń lo lákà, tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù tó lómi nínú lákà á kàn funfun bí ẹni da ẹ̀kọ mímu sí i.

Akunlé_Mushin

Òótọ́ ni màmá. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ inú oòrùn ọ̀sán gangan, ojú ọ̀dà á gbẹ kí inú ẹ̀ tó gbẹ, á wá ká jọ. Abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà, láàárọ̀.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kékeré, mo ti kun gílọ́ọ̀sì sí tábìlì mi, kò dán tó, ṣé mo lè ní kí wọ́n bá mi sípíréè lákà lé e?

Akunlé_Mushin

Rárá. Tínà tó wà nínú lákà á wọ abẹ́ gílọ́ọ̀sì á sì gbé e sókè, á ká jọ bí awọ pọ̀nmọ́. Lákà lè wà lábẹ́ gílọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá gbo lákà yẹn dáadáa, gílọ́ọ̀sì ò lè wà lábẹ́ lákà. Ẹ gbo ó fẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tún gílọ́ọ̀sì kùn ni.

Káfíńtà_Mọ́níyà

Àǹtí Gbági, kẹ́ ẹ tó kùn ún ẹ bá mi wo pílàíwùùdù ẹ̀yìn yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ tí lẹ́búlẹ́bú tó kúnná bí èlùbọ́ ń dà nínú ẹ̀, kòkòrò ló wà níbẹ̀. Ẹ gbá a mọ́, ẹ tẹ́ bébà dúdú sábẹ́ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá dà sórí bébà, wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́. Inú ìrókò tó gbó dáadáa wọn kì í sábà rí i jẹ, pílàíwùùdù ni wọ́n fẹ́ràn. Tí mo bá jẹ́ yín, màá kàn yọ ẹ̀yìn yẹn sọ nù kí n kan tuntun sí i, kò wọ́n tó kéèyàn máa bá kòkòrò jà.

Akunlé_Mushin

Ẹ̀kẹ́yìn tèmi. Ẹ má ra gálọ́ọ̀nù, líta kan máa ń kun ibi tó tó sikuéà mítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, líta méjì máa tó yín. Ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àwọn obìnrin sẹ́ ọ̀dà kó má lèépá. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun, ẹ fi téèpù fa irun tó fẹ́ já kúrò lára ẹ̀ kó tó wọ ọ̀dà. Ẹ tì í bọ ọ̀dà dé ìdá kan nínú mẹ́ta irun ẹ̀ péré. Ẹ fi sí i, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ fi orí búrọ́ọ̀ṣì fà á lọ lọ́nà kan fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá fi í sílẹ̀. Ẹ má padà síbẹ̀ tó bá ti ń fà, bó ti wù kójú yín rí nǹkan kan níbẹ̀. Tó bá gbẹ ẹ ó fi sáńpépà tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dáa ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Àwọn ilẹ̀kùn, ẹ kan ìṣó mẹ́rin mọ́ pákó kẹ́ ẹ tẹ́ ilẹ̀kùn sórí ìṣó, ẹ kun ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó kun ojú.

Ọmọ_Aláṣọ_Gbági

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà rárá, fífọ̀ àti gbígbo àti dídúró kó gbẹ ni. Mo lo sátìn olómi aláwọ̀ kírímù. Ẹ̀yìn ẹ̀ mo yọ ọ́, bọ̀dá Mọ́níyà, lẹ́búlẹ́bú yẹn dà sórí bébà lóòótọ́. Òkè ẹ̀ ṣì jẹ́ igi, fánííṣì ẹ̀ẹ̀mẹta, tí iná bá tàn sí i lálẹ́ àwọn ìlà ìrókò yẹn hàn kedere.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀. Mo kun ẹ̀gbẹ́ àwọn dúrọ́ọ̀ mọ́ ọn, wọn ò wọlé mọ́, wọ́n há. Mo ní láti gbo ẹ̀gbẹ́ wọn kúrò dé ara igi padà, mo fi àbẹ́là pa ojú irin tí wọ́n ń gbà, wọ́n ti ń lọ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má kun ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ o, iwájú ẹ̀ nìkan. Ìkejì, mo fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ jáde, mo rí ìwé ọwọ́ màmá lára pílàíwùùdù abẹ́ ẹ̀, bírò búlúù, orúkọ àwọn oníbàárà àti iye yáàdì tí wọ́n kó láwìn. Àwọn kan wọ́n fàlà sí i, àwọn kan wọn ò fà. Mo pe màmá wá wò ó, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ẹni tó ti kú àti ẹni tó ṣì wà. Mi ò kan ibẹ̀. Mo kàn fi àkísà gbígbẹ gbá eruku ẹ̀ kúrò ni.

Ìbéèrè kan ló kù. Màmá fẹ́ kó àwo wọn padà sínú ẹ̀ lónìí, ọjọ́ kẹta rèé tí mo kùn ún kẹ́yìn, ó sì ti gbẹ lọ́wọ́. Ṣé kí wọ́n kó o?

Akunlé_Mushin

Ẹ kú iṣẹ́ o àǹtí, ẹ kú ìnáwó, ẹ bá mi kí màmá. Ó gbẹ lójú, kò tíì le nínú. Tí àwo bá jókòó sórí ẹ̀ báyìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ́la á fa ọ̀dà yẹn dání. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó kó o, ẹ fi èékánná tẹ ibi tó fara pamọ́ nínú ẹ̀, tí kò bá fi àmì sílẹ̀, kí wọ́n máa kó àwo wọn bọ̀.